Oògùn irorẹ́, ara ríro àti fítámì D

Màmá Tóbi: Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi ọkùnrin ń lo isotretinoin fún irorẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń dán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àti orúnkún ń ro ó, pàápàá bó bá ti jíìmù dé. Ẹnì kan ní fítámì D ni kò tó lára rẹ̀, pé kí n ra èyí tó lágbára jù lọ fún un. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Iṣẹ́ oògùn ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè fa ìrora náà. Ìbátan fítámì A ni isotretinoin. Ètè gbígbẹ, iṣan ríro, oríkèé dídùn àti ẹ̀yìn dídùn wà lára ohun tí a mọ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń hàn jù lára ẹni tó ń gbé irin tàbí tó ń sáré gan-an. Bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó má ṣe lọ sí jíìmù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní CK, inú iṣan ló ti ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Irin tó gbé lánàá lè gbé e sókè lónìí, kí dókítà wá rò pé oògùn ló fà á.

Fítámì D náà ńkọ́? Àìtó rẹ̀ máa ń jẹ́ kí iṣan rọ, kí egungun sì máa ro èèyàn. Àwa aláwọ̀ dúdú tí à ń gbé níbi tí oòrùn kò ti lágbára, ó rọrùn kó dín lára wa, torí awọ dúdú kì í tètè jẹ́ kí ìtànṣán tí ara fi ń ṣe é wọlé. Isotretinoin sì ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ, nítorí náà ẹni tó ń lò ó á tún máa sá fún oòrùn. Ìṣòro méjèèjì lè bá ara wọn pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ má méfò, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò 25-hydroxyvitamin D fún un, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iye fítámì D inú ara hàn. Kí ẹ tó ka èsì, ẹ wo òṣùwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ng/mL ni wọ́n ń lò. Ní UK, nmol/L ni. 20 ng/mL, tí ọ̀pọ̀ dókítà kà sí iye tó tó, ló dọ́gba pẹ̀lú 50 nmol/L. Ẹni tó bá rí 40 nmol/L tó kà á sí ng/mL á rò pé ó tó, bẹ́ẹ̀ kò tó.

Ìyá Ìbejì: Cod liver oil ni mo máa ń fún àwọn tèmi nígbà òtútù nítorí fítámì D yìí. Ṣé kí wọ́n fún un ní ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn: Rárá o, mà, ẹ jọ̀ọ́! Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo wa lajú sí gan-an nìyí. Fítámì D wà nínú cod liver oil lóòótọ́, ṣùgbọ́n fítámì A wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì kéré. Ẹni tó ń lo isotretinoin kò gbọ́dọ̀ fi fítámì A mìíràn kún un. Àpọ̀jù fítámì A ń fa orí fífọ́ àti awọ gbígbẹ, ó ń jẹ́ kí egungun àti oríkèé máa roni, ó sì ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Ohun tí ẹ fún ọmọ kí ìrora lè lọ á wá máa dá kún ìrora. Ọ̀pọ̀ multivitamin náà ní in. Ẹ yí ike padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí vitamin A, retinol, retinyl palmitate tàbí retinyl acetate, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Fítámì D3 nìkan ni kí ẹ wá.

Ẹ má sì ra èyí tó lágbára jù lọ. Láàárín 400 sí 600 IU (òṣùwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ike fítámì) lójúmọ́ ni wọ́n sábà ń dámọ̀ràn. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ dá kọjá 4,000 IU lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́. Inú ọ̀rá ara ni fítámì D ń pamọ́ sí. Bó bá pọ̀ jù, calcium á ga nínú ẹ̀jẹ̀, èébì àti òùngbẹ á bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Kì í sì í ṣe oògùn ìrora. Ẹni tí kò tó lára rẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́.

Màmá Tóbi: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kó dá isotretinoin dúró ni?

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn: Kó kọ́kọ́ pe dókítà tó kọ ọ́ fún un. Wọ́n lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ìrora náà sì sábà máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú tí iṣan kò sì lágbára mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú sì ń ṣe bàìbàì. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń le gbagidi láàárọ̀, tó ń dẹ̀ bó bá ti rìn díẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má kàn ní "ẹ̀yìn ń dùn ún".

Ìyá Ìbejì: Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn: Kò gbọ́dọ̀ lóyún nígbà tó bá ń lò ó, àti fún oṣù kan lẹ́yìn tó bá parí rẹ̀. Ó ń ba ọmọ inú jẹ́ gidigidi. Bí doxycycline, oògùn apakòkòrò tí wọ́n tún ń lò fún irorẹ́, tó lò tẹ́lẹ̀ bá ṣì kù nílé, kó má lo àwọn méjèèjì pọ̀.