Eyín ń kan mí, omi tútù ò ṣeé mu mọ́

Ọmọ Iyara: Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Eyín fẹ́ pa mí. Bí omi fíríìjì bá kàn án báyìí, ó ń ta mí dé agbárí. Kajú ti pọ́n, òun gan-an ló ń wù mí, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí, pé mi ò kì í fọ ẹnu. Èmi tí mò ń fọ ẹnu ju gbogbo ará ilé lọ! Oníkẹ́mísì kan ta ọṣẹ ìfọyín olówó gọbọi fún mi, láti ìjẹta ni mo ti ń lò ó, òfo. Kí ló ń fa á gan-an? Ẹ má ní kí n lọ yọ eyín o.

Ará Kabba: Ẹ pẹ̀lẹ́. Gbogbo eyín ni àbí ẹyọ kan? Bí omi bá kúrò lẹ́nu, ṣé ìrora náà ń lọ kíá? Ṣé ó ń jí yín lóru?

Aya Mopa: Ẹ lọ èédú kúnná, ẹ pò ó mọ́ iyọ̀, kí ẹ fi ha eyín dáadáa láàárọ̀ lálẹ́.

Ará Kabba: Aya Mopa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba tẹlòmíì jẹ́. Ara funfun líle tó bo eyín kì í gbọ́ ìrora. Abẹ́ rẹ̀ ni ihò tín-ín-tìn-ìn-tín pọ̀ sí, omi wà nínú wọn, wọ́n sì já sí ibi tí iṣan tó ń gbọ́ ìrora wà. Bí ara funfun yẹn bá jẹ, tàbí tí èrìgì bá fà sẹ́yìn tí gbòǹgbò yọ síta, ẹnu ihò ṣí nìyẹn. Òtútù á mú omi inú rẹ̀ ṣípò, iṣan á ta. Èédú àti iyọ̀ ń ha eyín bíi yanrìn ni.

Ọmọ Egbe: Àlàyé ti pọ̀ jù. Kí wọ́n ra Tetracycline, kí wọ́n tú kápúsù rẹ̀ sójú eyín. Ó parí.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Kòkòrò àrùn ni Tetracycline ń pa, kò lè dí ihò. Ọmọ Iyara, ẹ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi yín.

Ọmọ Iyara: Gbogbo rẹ̀ ni, ẹ̀yìn àwọn eyín iwájú tòkè ló burú jù. Kì í jí mi, bí omi bá ti kúrò ó ti lọ. Búrọ́ọ̀ṣì líle ni mò ń lò, èyí tó rọ̀ kì í mú ẹnu mọ́. Ẹ má sọ pé kí n dín fífọ kù, torí àràárọ̀ ni mò ń bì, ẹnu á korò, kíá ni mo sì ń fọ̀ ọ́. Oyún oṣù mẹ́rin ni.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Háà! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Omi kíkan inú ikùn ló ń jẹ eyín yín, ẹ̀yìn eyín iwájú tòkè ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bó bá ti mú ojú eyín rọ̀ tán tí búrọ́ọ̀ṣì líle wá dé, ó ń fá a lọ ni. Bí ẹ bá bì, ẹ po ṣíbí tíì kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì (kì í ṣe káún o!) mọ́ omi ife kan, ẹ fi yọ ẹnu, ẹ tu ú dànù. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọ ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn kajú: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ ẹnu.

Ọmọ Egbe: Ṣé mo mọ̀ pé wọ́n lóyún ni? Wọn ò sọ.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ìdí nìyẹn tí a fi ń bèèrè. Tetracycline nínú oyún máa ń ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́.

Aya Mopa: Ọmọ inú ló ń fa agbára eyín ìyá mu jàre. Oyún kan, eyín kan.

Ará Kabba: Irọ́ ni, Aya Mopa. Ọmọ kì í mú nǹkan kan látinú eyín ìyá rẹ̀. Ọmọ Iyara, ẹ wo ara páálí ọṣẹ yẹn bóyá potassium nitrate 5% tàbí stannous fluoride (èròjà tó ń dín irú ìrora eyín yìí kù) wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn lè dúró. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló ń gbà, ìjẹta ò tó nǹkan. Bó bá di ẹyọ kan ló ń ro, tí nǹkan gbígbóná ń ta á tí kò sì lọ bọ̀rọ̀, dókítà eyín ló kù, kódà bó bá di Lọ́kọ́ja.

Ọmọ Iyara: Wọ́n á fọwọ́ kan eyín aboyún?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù 4 sí 6 ló tilẹ̀ rọrùn jù. Ẹ ṣáà ti sọ fún wọn kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́ tàbí ya àwòrán eyín.