Ẹ̀bọ̀lọ̀: ṣé wọ́n máa ń gbìn ín ni?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ìgbógbo): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀fọ́ ni mo ń tà ní Sábò, Ìkòròdú níbí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ìyẹn ò ni mí lára. Àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ ará Òǹdó àti Èkìtì ni kò jẹ́ n sinmi, ẹ̀bọ̀lọ̀ ni wọ́n ń bèèrè ṣáá. Àwọn ìyá tó ń já a wá láti inú igbó, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń wá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti dé, ó parí nìyẹn. Mo ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan, ilẹ̀ yanrìn ni. Ìyá ọkọ mi ní ta ló ń gbin ohun tí Ọlọ́run ń gbìn fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé gbìn? Níbo ni mo ti lè rí irúgbìn?

Àbúrò Olóko: Màmá ò parọ́ 😂 Ẹ ṣán igbó, ẹ dáná sun ún, kí òjò rọ̀ sí i. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí ẹ ò bẹ̀ níṣẹ́ á dé.

Bàbá Àgbẹ̀ (Odògunyàn): Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ṣeé gbìn dáadáa. Òdòdó rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń tẹrí ba, tí ẹnu rẹ̀ á pọ́n bíi bíríkì. Tó bá gbó, á là, òwú funfun á yọ. Òwú yẹn ló ń gbé irúgbìn fò. Kí atẹ́gùn tó dìde láàárọ̀ ni kí ẹ gbọ̀n ọ́n sínú àpò bébà. Ẹ má kàn mú èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí o: èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó pẹ́ kó tó yọ òdòdó, òun ni kí ẹ gba irúgbìn lára rẹ̀.

Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ẹ fọ́n ọn sórí ebè pẹrẹsẹ. Ẹ má bu yẹ̀pẹ̀ bò ó! Ó kéré jù, tó bá ti wọlẹ̀ kò ní yọ, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé kì í hù. Imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀ tó lókè rẹ̀, kí ẹ sì rọra máa bomi wọ́n ọn. Tó bá ti yọ ewé mẹ́rin márùn-ún, ẹ lọ́ ọ nírọ̀lẹ́, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ilẹ̀ yanrìn yín á fẹ́ ìgbẹ́ adìẹ, èyí tó ti jẹrà. Tútù rẹ̀ á jó o.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ti rí èròjà kan tó ń jẹ́ jacobine nínú ẹ̀bọ̀lọ̀, ó wà lára àwọn tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ téèyàn bá ń jẹ ẹ́ léraléra. Wọ́n tún rí i pé ilẹ̀ tí náítírójìn (oúnjẹ ewéko tó wà nínú ìgbẹ́ adìẹ) ò tó nínú rẹ̀ ló ń mú kó pọ̀ sí i nínú ewé. Ìgbẹ́ adìẹ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀fọ́ ojoojúmọ́ kọ́, ẹ má sì fún aláboyún.

Ìyá Àgbà: Ọmọ mi, láti kékeré la ti ń jẹ ẹ́. À ń bọ̀ ọ́, à ń fún omi rẹ̀ dànù, kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀, ká tó da ẹ̀gúsí àti irú sí i. Iyán ló ń bá lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ máa bọ̀ ọ́ lọ, Màmá, ó dára bẹ́ẹ̀. Iná kì í pa á tán ni mo ṣe sọ̀rọ̀. Èmi náà ń jẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, ṣé kí n máa fà á tu ni àbí kí n máa gé e?

Bàbá Àgbẹ̀: Ẹ gé e lókè kó tó yọ òdòdó, á pẹ̀ka. Tó bá ti yọ òdòdó, ewé á le, oníbàárà ò ní fẹ́. Ẹ fi mélòó kan sílẹ̀ fún irúgbìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jìnnà sí ewédú yín, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa tu ú láàárín rẹ̀ títí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ wo kànga yín. Ìgbà yẹn náà ló sì ń wọ́n lọ́jà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Kànga wà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà nítòsí Ìgbógbo, kó jọ̀ọ́ kọ iye àpò kan síbí.