Ṣé kí ọmọ mi ṣì máa wo ìtẹ́ idì yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo kámẹ́rà ìtẹ́ ẹyẹ tipẹ́, ìyẹn kámẹ́rà tó ń fi ohun tó ń lọ nínú ìtẹ́ hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Idì olórí funfun ti Amẹ́ríkà ni èmi àti ọmọ mi obìnrin ń wò. Ẹyin méjì ló pa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí àbúrò rímú mí. Bí ìyá wọn bá ti ń já ẹja wẹ́wẹ́ sí wọn lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n á sọ àbúrò lórí, àbúrò á dojú délẹ̀, kò ní gbórí sókè títí ẹja á fi tán. Ìyá ò tiẹ̀ dá sí i!

Mo mọ̀ pé ẹyin wọn kì í pa lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n fi lágbára jù. Mo sì mọ̀ pé àwọn tó ni kámẹ́rà kì í sábà dá sí i. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 kí wọ́n tó fò. Ìgbà wo ni ìjà yìí máa ń rọlẹ̀? Kí n wá ìtẹ́ ọlọ́mọ kan ṣoṣo fún ọmọ mi ni? Tí èyí kékeré bá sì kú ńkọ́, kí lẹ máa ń sọ fáwọn ọmọ yín?