Àlejò láti Finland fẹ́ wọ Ski Dubai: kí ló yẹ kó mú dání?

Arìnrìnàjò:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Àlejò kan tí wọ́n bí sí Finland, tó mọ síkíì (fífi pátákó gígùn tí wọ́n so mọ́ bàtà yọ̀ lórí yìnyín) í ṣe dáadáa, ń bá wa lọ sí Dubai lóṣù kẹjọ. Ó ní òtútù inú Ski Dubai, ilé ńlá tí wọ́n ti ń ṣe síkíì lórí yìnyín, ò lè fi òun ṣe nǹkan kan, pé ṣòkòtò péńpé àti síngílẹ́ẹ̀tì lòun máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ tí wọ́n bá fún òun. Ṣé ó tọ̀nà? Kámẹ́rà ńkọ́?

Ìyá Arìnnà:
Síngílẹ́ẹ̀tì yẹn, rárá o. Lọ́sàn-án, nǹkan bíi -1 sí -2°C ni inú ibẹ̀, ọmọ Finland ò ní ka ìyẹn sí òtútù. Òógùn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Lóṣù kẹjọ, oòrùn ìta máa ń kọjá 40°C. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rin gbingbin. Bó bá wọlé bẹ́ẹ̀, aṣọ tó rin yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á máa fa ooru ara rẹ̀ jáde, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa gbọ̀n. Owú ló burú jù, torí ó ń fa omi mu, kì í sì í tètè gbẹ.

Inú Mall of the Emirates, ilé ìtajà ńlá kan, ni Ski Dubai wà, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà níbẹ̀. Kó jókòó bí ìdajì wákàtí kí òógùn gbẹ, kó wá pààrọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí èyí tí kì í ṣe owú. Jákẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò àti bàtà wà nínú owó ìwọlé, ẹ má wulẹ̀ di ti Finland mẹ́rù. Kó mú ìbọ̀wọ́ àti fìlà tirẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyọ̀:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ti ẹsẹ̀ ló kù. Ìbọ̀sẹ̀ kan péré, tó fẹ́lẹ́, tó gùn dé abẹ́ orúnkún. Bó bá wọ méjì léra, ìkejì á ká jọ, bàtà á fún un, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ ìka, òtútù á wá mú un ju ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n bàtà síkíì. Kó fi gìgísẹ̀ ti ògiri, kó wọn ọ́n dé orí ìka tó gùn jù. Bó bá jẹ́ 27, kó béèrè 27. Bó bá dúró ṣánṣán, ìka á máa fara kan iwájú bàtà díẹ̀. Bó bá tẹ orúnkún síwájú, ó yẹ kó kúrò níbẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé 400 mítà ni ọ̀nà síkíì tó gùn jù níbẹ̀. Omi tí wọ́n fọ́n wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́ tútù ló ń di yìnyín ibẹ̀. Hóró rẹ̀ rí roboto, ó sì ki ju èyí tó ń já bọ́ lójú ọ̀run lọ. Nítorí náà, pátákó síkíì tí etí rẹ̀ mú ni kó gbà.

Ayàwòrán:
Ìgbà tó bá ń jáde ni wàhálà kámẹ́rà. Bí lẹ́ńsì tó ti tutù bá pàdé afẹ́fẹ́ gbígbóná, ìrì á sẹ̀ sí i, nígbà míì dé inú. Kó tó jáde, kó gbé kámẹ́rà sínú ọ̀rá, kó dì í pa, kí ìrì lè sẹ̀ sára ọ̀rá. Kó má tú u títí kámẹ́rà ò fi ní tutù lọ́wọ́ mọ́, nǹkan bíi wákàtí 1. Fóònù, àpò inú jákẹ́ẹ̀tì ni kó wà, torí òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù. Bó bá fẹ́ tètè fi àwòrán ránṣẹ́ sílé, kó yọ káàdì kámẹ́rà kó tó di ọ̀rá pa.