Ẹ gbà mí o, kí ni mo lè fi pa kòkòrò skéèlì ara igi òdòdó frangipani mi?

Àjọkẹ́_Olódòdó: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Frangipani mi tó wà nínú ìkòkò ló fẹ́ dá mi lágara. Àwọn nǹkan róbótó pélébé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka àti abẹ́ ewé ẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé èèpo igi ni, àfìgbà tí mo fi èékánná họ ọ́ tó ṣí. Ewé ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó tún ti ń bu dúdú, èèrà ń lọ ń bọ̀ lára ẹ̀. Wọ́n ní skéèlì ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà, àbí kí ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ gé e dànù o.

Bàbá_Eléwéko: Kò tíì dé orí gígé. Skéèlì ni lóòótọ́, oje igi ni wọ́n ń fà mu, wọ́n á wá máa yàgbẹ́ omi dídùn sílẹ̀, omi yẹn ló ń lẹ̀, òun ló ń bu dúdú, òun náà lèèrà ń bá kiri. Kọ́kọ́ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìyẹn, rẹ òwú sínú spírítì 70% kó o máa fi nù wọ́n, èyí tó bá lágídí, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gbò ó. Ewé tó bá ti kún jù, já a, di í sínú ọ̀rá, má jù ú sídìí igi. Wọ ìbọ̀wọ́ o! Oje funfun yẹn máa ń yún ara, má jẹ́ kó ta sí ẹ lójú.

Ọmọ_Ọgbà22: Wàhálà yìí pọ̀ jù jàre. Ra ògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní imidacloprid, dà á sídìí ẹ̀, gbòǹgbò á fà á sókè, gbogbo wọn á kú. Ó parí.

Màmá_Òdòdó: Kò parí o, ọmọ mi. Skéèlì tí ìpẹ́ ẹ̀ le, tí kì í yọ omi dídùn, kì í sábà gbọ́ ti imidacloprid. Ti Àjọkẹ́ lè gbọ́ ọ, mo gbà, àmọ́ ògùn yẹn ń pa oyin, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó wà nínú àjọ EU ti fòfin de lílò ó níta gbangba láti 2018, kí wá ni kánjúkánjú ẹ̀ fún igi inú ìkòkò kan ṣoṣo tọ́wọ́ lè tó?

Àjọkẹ́, tó o bá ti fọwọ́ yọ wọ́n tán, òróró dóńgóyárò ló kàn. Bíi 5 ml sínú lítà omi kan tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i torí òróró àtomi kì í dàpọ̀, mì í dáadáa, ṣùgbọ́n tí ara ìgò bá sọ iye mìíràn, tara ìgò ni kó o tẹ̀ lé. Dán an wò lára ewé kan kó o dúró dọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o fọ́n ọn, tóòrùn bá bá òróró lára ewé, ewé á jóná. Abẹ́ ewé ni kó o dojú kọ, kó rin gbingbin, torí pé ṣe ni òróró yẹn ń dí wọn léèémí, èyí tí kò bá kàn kò ní kú. Tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, kó o sì tún un ṣe sí i, ẹyin tó wà lábẹ́ ìpẹ́ ìyá wọn á ṣì máa pa, àwọn ọmọ tó ń rìn kiri yẹn ló rọrùn pa jù.

Adéwálé_Onígi: Ẹ ò mà sọ̀rọ̀ èèrà. Èèrà ló ń ṣọ́ skéèlì, ó máa ń lé kòkòrò ladybird àtàwọn agbọ́n kéékèèké tó ń pa skéèlì. Wé téèpù mọ́ ìdí igi, kó o fi nǹkan tó ń lẹ̀ sórí téèpù yẹn, má fi í sára èèpo igi ní tààrà. Kí ewé má sì kan ògiri, torí ibẹ̀ ni wọ́n á gbà. Dín ajílẹ̀ náà kù, ewé tútù tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni skéèlì fẹ́ràn.

Àjọkẹ́_Olódòdó: Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé sà. Tí mo bá fọ́n ọn tán tí wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́bẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti kú?

Bàbá_Eléwéko: Òkú wọn kì í tètè já bọ́. Fi èékánná tẹ ọ̀kan, tó bá tú omi, ó ṣì wà láàyè, tó bá gbẹ tó ń rún, ó ti kú. Tí frangipani náà bá sì wọ́wé nígbà tó ń sinmi, má rò pé ó ti kú o, àsìkò yẹn gan-an ni kó o yẹ ẹ̀ka ẹ̀ wò, pàápàá ojú ibi tí ewé ti já.