Gbèdéke ni, kì í ṣe fìlà: lórí owó ọ̀yà àti àwọn agbòmìnira nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan gbé síwájú wa. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé ní Chicago, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni wọ́n sì máa ń wò, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá nílé. Ìyá àgbà bi wọ́n léèrè pé báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe máa lówó nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní lè gba ẹni tó wù ú. Ẹ̀gbọ́n wa bá jókòó, ó kọ “fìlà owó oṣù” fún salary cap, “aṣojú ọ̀fẹ́” fún free agent, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti parí, “owó òkú” fún dead money. Ẹlòmíì ní “òṣùwọ̀n” ló yẹ dípò fìlà. Ẹnì kan sì ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé Yorùbá ò bá wọn dá irú òfin bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà pẹ̀lú ti ìkẹyìn yìí rárá. Kò sí ohun tó wà nínú òfin náà tí ìyá àgbà ò tíì fojú rí lọ́jà tàbí nínú ẹgbẹ́ èésú.

Ọ̀rọ̀ fìlà ni kí n kọ́kọ́ mú. Fìlà ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Orí là ń dé e sí, ó sì ń bu ẹwà kún ni. Bí mo bá sọ fún ìyá àgbà pé ẹgbẹ́ kan “ti kan fìlà”, á bi mí pé ta ló ni fìlà. Ohun tí òfin náà ń ṣe ni pé ó fa ìlà kan: lọ́dún yìí, gbogbo owó tí ẹ máa kà sọ́rùn àwọn agbábọ́ọ̀lù yín kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, a sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò lójoojúmọ́: gbèdéke. Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ bá sọ iye tí èèyàn lè gbà lóòjọ́, gbèdéke ni akọ̀ròyìn ń pè é.

Ẹni tó dábàá òṣùwọ̀n fi kóńgò gàrí ṣe ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n kóńgò, kíkún ni wọ́n ń kún un. Ìyá alágbàádo tó bá wọn ààbọ̀ kóńgò fún ọ tó sì gbowó odindi ti rẹ́ ọ jẹ. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ò pọn dandan kó ná owó rẹ̀ kan ìlà. Láti 2011 ni ẹgbẹ́ tó bá ná an kù ti lè gbé ìyókù lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Òṣùwọ̀n ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, gbèdéke ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn kan ní gbèdéke ti di ọ̀rọ̀ ọjọ́, irú “gbèdéke ọjọ́ 14” tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń fún ìjọba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá tẹ̀lé e ló ń fi èyí tó jẹ́ hàn. Gbèdéke ọjọ́ wà, gbèdéke owó náà wà.

Kóńgò ṣì wúlò o, níbi tá a bá ti fẹ́ ya irú òfin méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ wo alágbàádo méjì. Èyí kìíní á bu àgbàdo títí tó fi ga lórí kóńgò bí òkè, á tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì. Èyí kejì á fi ọwọ́ gbá gbogbo orí rẹ̀ kúrò kó tó dà á sínú àpò rẹ. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Amẹ́ríkà ni alágbàádo kìíní: ẹgbẹ́ lè kọjá gbèdéke bó bá jẹ́ ẹni tiwọn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dá dúró, wọ́n sì fi orúkọ Larry Bird, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan, pe ìyọ̀ǹda yẹn. NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí à ń sọ yìí, ni alágbàádo kejì. Nítorí náà mi ò fara mọ́ “gbèdéke líle” àti “gbèdéke rírọ̀” tí ẹnì kan kọ fún hard cap àti soft cap. Gbèdéke kì í ṣe iṣu tá a sè. Ẹ jẹ́ ká ní gbèdéke aláìṣeékọjá àti gbèdéke aláyọ̀ǹda.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún jẹ́ ká gbé “owó oṣù” jù sílẹ̀. Kì í ṣe oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún àwọn èèyàn wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, nígbà tí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́. Owó ọ̀yà ló bá a mu, ọ̀yà iṣẹ́ tí èèyàn fi ara rẹ̀ ṣe. Gbèdéke owó ọ̀yà, ó parí.

Èyí tó ká mi lára jù ni “aṣojú ọ̀fẹ́”. Àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti ní aṣojú tirẹ̀, ẹni tó ń bá a dúnàá dúrà tó sì lè gba tó ìdá 3 nínú 100 owó rẹ̀. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ pé “aṣojú ọ̀fẹ́ náà rán aṣojú rẹ̀ lọ”? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀fẹ́ ni ohun tí a ò sanwó rẹ̀. Dayo Odeyingbo, ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ wa yìí, parí ọdún mẹ́rin tó kọ́kọ́ bá Indianapolis Colts ṣàdéhùn. Ní oṣù kẹta 2025, Chicago Bears gbà á fún ọdún 3, mílíọ̀nù 48 dọ́là ni. Kí ló jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀? Mo mọ ibi tí ọ̀fẹ́ ti wá: bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Nígbà tí Kylian Mbappé kúrò ní PSG lọ sí Real Madrid ní 2024, Real Madrid ò san kọ́bọ̀ fún PSG láti rà á, akọ̀ròyìn sì lè sọ pé ọ̀fẹ́ ló lọ. Nínú NFL, ẹgbẹ́ kì í fowó ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rárá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ilẹ̀ tó máa dúró lé níbẹ̀.

Agbòmìnira ni èmi dábàá. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ó gbé ọ̀rọ̀ ga jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí i.

Ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi obìnrin fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ n’Íbàdàn. Lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, wọ́n ta kánópì síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀gá rẹ̀ fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọ lọ́rùn, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé e ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì gbàdúrà títí. Gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni mi ò gbàgbé: “Láti òní lọ, ibi tó bá wù ọ́ ni kó o gbé ẹ̀rọ rẹ sí.” Ìyá wa bú sẹ́kún. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, àbúrò mi mọ aṣọ ọ́ rán dáadáa, kódà ó mọ̀ ọ́n ju àwọn kan tó ti ní ṣọ́ọ̀bù lọ, ṣùgbọ́n kò lè kúrò.

Bí ti àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kì í yan ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ló ń yàn án, lọ́dọọdún, kálukú bí ó ṣe kàn án. Ẹni tí wọ́n bá yàn á bá wọn tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́rin, bó bá wù ú, bí kò wù ú. Bó bá sin ọdún rẹ̀ pé ló tó lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síbi tó wù ú. Tẹ́lẹ̀, ìsìn náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lópin, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Reggie White wà lára àwọn tó pẹjọ́. Wọ́n yanjú rẹ̀ ní 1993, lọ́dún yẹn náà ló kúrò ní Philadelphia lọ sí Green Bay fún ọdún 4, mílíọ̀nù 17 dọ́là. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ò fún wọn lómìnira lásán. Nínú àdéhùn kan náà ni wọ́n ti gba gbèdéke, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú mílíọ̀nù 34.6 dọ́là fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2025, mílíọ̀nù 279.2 ni. Ọmọ ìyá kan náà ni òmìnira àti gbèdéke, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe é fi ṣe gbólóhùn kan láìdàrú.

Àgbà kan nínú wa mú “ìwọ̀fà” wá fún ẹni tí ìwé rẹ̀ ò tíì parí. Ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè ni ìwọ̀fà ń sìn, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó. Àwọn wọ̀nyí ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Agbòmìnira tún jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ ẹni tí òmìnira rẹ̀ ò tíì pé. Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí ní Brooklyn, kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án ní 2000. Miami Dolphins ló kàn gbà á wọlé. Ní 2003, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbé ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ mìíràn ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n kà fún un ò tíì pé mẹ́rin, nítorí náà bí ẹlòmíì bá fowó lọ̀ ọ́, Miami lẹ́tọ̀ọ́ láti san iye yẹn kí wọ́n sì dá a dúró. Kò yọjú sí ibi ìdánrawò wọn, títí wọ́n fi fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Chicago ní oṣù kẹjọ 2004. Agbòmìnira olókùn ni mo máa pè é: ẹran ń jẹ kiri, okùn wà lọ́rùn.

Ó ku “owó òkú”. Ìyá àgbà á rò pé ìnáwó ìsìnkú ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé “gbèsè”, mo wá rí i pé ìyẹn náà ṣìnà. Ẹ fi èésú wò ó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èésú ti ná owó rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n yóò máa dá a lóṣooṣù títí yóò fi yí ká. Owó ìtọwọ́bọ̀wé rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan fún agbábọ́ọ̀lù ní mílíọ̀nù 20 lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé ọdún 5. Owó ti wọ àpò rẹ̀. Nínú ìwé gbèdéke, mílíọ̀nù 4 ni wọ́n á máa kà lọ́dún. Bí wọ́n bá lé e lẹ́yìn ọdún 2, mílíọ̀nù 12 tí wọn ò tíì kà á wó lé wọn lórí, ẹni náà ò sì sí nílé mọ́. Denver Broncos tú Russell Wilson sílẹ̀ ní 2024, mílíọ̀nù 85 ló kù sọ́rùn wọn: 53 lọ́dún yẹn, 32 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ìṣirò ló kù, nítorí náà mo ní “ìṣirò àfisẹ́yìn”. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ní ti “cap space”, mi ò rí ìdí tá a fi gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀-orúkọ fún un. “Àlàfo fìlà” tí wọ́n kọ kò bá ahọ́n wa mu. Kò sí Yorùbá tó ń sọ pé òun ní àlàfo owó. Mílíọ̀nù 40 ló kù kí wọ́n tó kan gbèdéke, ó tán. Iṣẹ́ àwọn tó ń bójú tó gbèdéke náà fún ẹgbẹ́, ṣíṣọ́ owó ná ni mo pè é.

Mo fi wọ́n kọ ìròyìn kan, mo kà á fún ẹnì kan tí kò wo eré yìí rí: “Mílíọ̀nù 30 ló kù kí ẹgbẹ́ náà tó kan gbèdéke owó ọ̀yà, nítorí ìṣirò àfisẹ́yìn ẹni méjì ṣì wà lọ́rùn wọn. Agbòmìnira mẹ́ta ni wọ́n ń fa ojú wọn mọ́ra. Ọ̀kan ní Texas wu òun nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ ibẹ̀ kì í gba owó orí lórí ọ̀yà.” Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní kí ló dé tí wọ́n ń ka owó ẹni tó ti lọ. Mo tún èésú sọ fún un, ó ní ó ti yé òun.

Ibi tí mo há sí ni “franchise tag”. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹgbẹ́ lè dá agbòmìnira kan dúró fún ọdún kan sí i, bí wọ́n bá san owó tó bá ti àwọn tó ń gbowó jù nípò rẹ̀ dọ́gba. Le’Veon Bell kọ̀ ọ́ ní 2018. Ó fi mílíọ̀nù 14.5 sílẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan fún Pittsburgh lọ́dún yẹn. “Àmì ẹgbẹ́” tí ẹ̀gbọ́n kọ ò sọ nǹkan kan nínú èyí. Mo ní “ìdè ọlọ́dún kan”, mo tún ní “àfikún ìsìn”. Ti àkọ́kọ́ gbé ìrora ẹni tí wọ́n dè, ti kejì fara mọ́ agbòmìnira. Ẹ̀yin tó bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí lábẹ́ ọ̀gá, bí ọ̀gá bá ní kéèyàn ṣì lo ọdún kan sí i lẹ́yìn tí ọdún rẹ̀ ti pé, kí lẹ ń pè é ládùúgbò yín?