Ìyẹ̀fun ìfọjú tó ní papain: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Kànrìnkàn ni mo fi ń ha ojú tẹ́lẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi bó. Mo ti wá ra ìyẹ̀fun ìfọjú tó ní papain, èròjà inú ìbẹ́pẹ. Ṣé mo lè máa lò ó lójoojúmọ́?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ọmọ mi. Jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn san ná. Tó bá san tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Papain fúnra rẹ̀ ló ń tú òkú awọ, má fi ọwọ́ ha á. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi pò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ni èmi ti ń pò ó títí yóò fi hó, màá wá rọra fi pa ojú.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìbẹ́pẹ dúdú ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Má dán an wò! Oje funfun tó ń ro lára rẹ̀ lè jó awọ. Ìyẹ̀fun náà pàápàá, kọ́kọ́ fi díẹ̀ sínú apá, kí o dúró di ọjọ́ kejì.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹni tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà bá ń yún lára, kó yẹra fún papain o. Àdùkẹ́, ìpara ààbò oòrùn láàárọ̀, jọ̀ọ́.